Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́nu Olórín

Nígbà tí Ìyá Ìdùnnú yọ orín lẹ́nu, orí orín náà ti pọ́n. Ó yára fi àtàǹpàkò bo ibi tó pọ́n, ó gbé itọ́ tòun tẹ̀jẹ̀ mì, ó sì rẹ́rìn-ín sí Bàbá Adéjọbí tó dúró níwájú àtẹ rẹ̀ ní Fájuyì, ní Adó.

"Ẹ rí i bó ṣe rọ̀? Àná ni wọ́n gé e nínú igbó Ìgbẹmọ. Omi ṣì wà lára rẹ̀."

Bí ó ṣe ń tajà nìyẹn. Àwọn olórín yòókù a máa to ìdì orín sílẹ̀, wọn a jókòó tì í, wọn a máa wo ojú títì. Ìyá Ìdùnnú kò lè ṣe irú èyí. Bí oníbàárà bá ti dúró, á fa ẹyọ kan yọ nínú ìdì, á gé orí rẹ̀ jẹ, á run ún títí yóò fi rí wúruwùru bí búrọ́ọ̀ṣì, á wá la ẹnu sílẹ̀ kí oníbàárà wo inú rẹ̀. Eyín náà funfun, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn dáadáa, kò sí èyí tó wọ́ nínú wọn. "Ẹnu mi ni pátákó mi," ni ó máa ń wí. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ Àgùdà mọ̀ pé ọjọ́ tí kò bá sọ ọ́, ara rẹ̀ ò yá.

Ó ti tó ọ̀pọ̀ oṣù báyìí tí kì í la ẹnu náà tán mọ́.

"Ewúro ni kí o dì fún mi," ni Bàbá Adéjọbí wí. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ẹdẹ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Adó débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ Èkìtì bí ọmọ onílùú. "Orín ewúro yìí ló gbà mí lọ́wọ́ àwọn dókítà. Láti ìgbà tí mo ti ń run ún, mi ò fẹnu kan oògùn ṣúgà wọn mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ máa sọ ọ́ báyẹn lọ́sàn-án o, Bàbá. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí gan-an."

"Má da ara rẹ láàmú. Agbádá funfun ni mo máa wọ̀ wá."

Ó gba orín, ó yí padà, ó sì ti rìn jìnnà díẹ̀ kí Kúdírát, tó ń ta kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ìdùnnú, tó ké sí i pé sálúbàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sẹ́yìn. Bàbá Adéjọbí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ó padà wá wọ̀ ọ́. "Ogbó ti dé," ni ó wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sán yẹn ló gba Ìyá Ìdùnnú lọ́kàn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Tómilọ́lá, tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ láti Ìbàdàn wá sí Adó, ló ń di ọṣẹ àti àgbo sínú ike àti páálí tó dán, tó ń kó wọn lọ sí àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Àkúrẹ́ àti Abuja. Ó ní òun fẹ́ fi orín kún un. Ó ní kì í ṣe orín lásán, orín Ìyá Ìdùnnú ni, àti pé àwòrán Ìyá Ìdùnnú ni yóò wà lójú páálí, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn. Lọ́sàn-án òní ni wọ́n ń bọ̀ wá ya àwòrán náà. Obìnrin tó ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà láti ìgbà tí ó ti di opó, ẹ wá wò ó, wọ́n fẹ́ gbé ojú rẹ̀ lọ sí Abuja. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti sọ fún Fada, ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ Ìdùnnúolúwa ní Èkó, ó sì ti sọ fún àwọn tí kò béèrè pàápàá.

Ẹ̀jẹ̀ ẹnu náà kò sì bà á lẹ́rù. Ó ní àlàyé tirẹ̀ lórí ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ burúkú ni, ó ń jáde lọ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó tẹ orín mọ́ ọn gidigidi kó lè tètè jáde tán. Nígbà tí kò tán, ó yí sí orín ata, nítorí pé ohun tó bá ta lẹ́nu ló ń ṣiṣẹ́. Bí ata náà bá wá ń jó o lẹ́nu, á ra ẹlẹ́rìndòdò tútù kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, á fi pa á. Bó bá tún di ìrọ̀lẹ́, á tún mu òmíràn. Kò sí ohun tó kàn án nínú ìyẹn. Ẹni tó ń fi ewúro ṣí ẹnu láràárọ̀, ibo ni ìtọ̀ ṣúgà fẹ́ gbà wọlé sí i lára? Kíkorò ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà nìyẹn, wọ́n sì máa ń rà á.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí Bàbá Adéjọbí lọ, ó fi ahọ́n kan eyín iwájú òkè, eyín náà sì mì.

Ó tún fi ahọ́n kàn án. Ó tún mì. Ẹ̀rù bà á báyìí, ẹ̀rù gidi. Ta ni yóò ra orín lọ́wọ́ olórín tí eyín rẹ̀ ti ká? Bí eyín yìí bá fi bọ́ níwájú kámẹ́rà ńkọ́?

"Kúdírát, bá mi wo ọjà. Mo fẹ́ lọ rí Fada."

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí rárá."

Ó wé gèlè rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú, ó gun ọ̀kadà, ó sì ní kí ó gbé òun lọ sọ́nà Ìwòròkó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Dókítà eyín kan wà níbẹ̀ tí ó ti máa ń rí pátákó rẹ̀ tó bá ń lọ sóde. Ó ń ṣépè fún gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, nítorí bí ọ̀kadà bá ti bọ́ sínú ọ̀kan, eyín náà á sọ fún un pé òun wà níbẹ̀.

*

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró. Mo fẹ́ wọn ìbàdí yín."

Ìyá Ìdùnnú wo nọ́ọ̀sì náà, ó wo okùn ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀ ni Tẹniọlá.

"Ìbàdí kẹ̀? Nọ́ọ̀sì, eyín ni mo gbé wá. Àbí ẹ fẹ́ rán yẹ̀rì fún mi ni?"

Tẹniọlá rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. "Gbogbo àgbà tó bá gbé ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu wá ni Dókítà ní kí n máa wọ̀n, Màmá. Ẹ má bínú."

Ìyá Ìdùnnú dìde. Ó fa ikùn wọlé.

"Ẹ mí síta, Màmá."

"Mo ti mí."

"Ẹ mí gbogbo rẹ̀ síta."

Ó mí i síta, ikùn náà sì jáde wá bó ṣe wà. Kò tijú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ikùn yẹn ló fi ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun kò jìyà. Okùn náà sì yí i po, ó ku díẹ̀ kó má tó. Tẹniọlá kọ nǹkan sílẹ̀. Ó dì í lápá láti wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, ó ní ó ga. Ìyá Ìdùnnú ní ọ̀kadà tó gbé òun wá ló sáré jù. Wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọ́n tún wò ó. Kò wálẹ̀.

"Ẹ fún mi ní ìka kan, Màmá. Ṣúgà ló kù."

"Ìyẹn ni kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lé lórí." Ó na ìka sí i tayọ̀tayọ̀. "Orín ewúro ni mò ń run láràárọ̀. Ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀."

Tẹniọlá gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúró. Ó wo ẹ̀rọ náà. Ó mú ìka mìíràn, ó tún gún un, ó tún wò ó. Ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹ̀ẹ̀kan, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni Dókítà Akínlolú, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Ó tan iná sí i lẹ́nu, ó wò ó pẹ́, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọn ìdí eyín kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbọ́ tí Ìyá Ìdùnnú ké "Yé è, ará ùlú mi o!" ó béèrè ibi tó ti wá. Bó ṣe gbọ́ Ìgbẹmọ, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó sì yí sí èdè Èkìtì.

"Màmá, ẹ ṣì ń fi ugi dáná?"

"Kí ni n ó fi se usu? Èmi ò lè jẹ uyán orí gáàsì."

"Tí ẹ bá se é tán, tí ẹ wa eérú bo iná ọ̀ún, ṣé ó kú?"

"Kò kú. Ó wà lábẹ́ eérú títí ulẹ̀ á fi mọ́. Bí mo bá wa eérú kúrò, n ó bá a níbẹ̀."

"Irú iná yẹn ló wà lára yín."

Ó wá ṣàlàyé, kò sì sáré. Ó ní ọ̀rá tó wà nínú ikùn lọ́hùn-ún, láàárín ìfun àti ẹ̀dọ̀, kì í jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹrù orí àjà. Ó ń ránṣẹ́ kiri. Ohun tó sì ń wí fún ara ni pé ọgbẹ́ wà níbì kan, kí àwọn tó ń ṣọ́ ara jáde wá jà. Wọ́n á jáde. Wọn ò ní rí ọ̀tá, wọn ò sì ní padà sílé. Wọ́n á dúró síta lójoojúmọ́, wọ́n á máa ba ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa le, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Ara kò ní gba ṣúgà wọlé bó ṣe yẹ mọ́, ṣúgà á wá máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ìdọ̀tí bá ti rí àyè jókòó, bí ìdí eyín, ẹran ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á máa ṣẹ̀jẹ̀, eegun tó di eyín mú á sì máa jẹ lábẹ́lẹ̀. Ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà á tún máa dá iná tirẹ̀ padà sínú ara, ṣúgà á tún máa le sí i.

"Ìyẹn ni mo ṣe ní kí wọ́n wọn ìbàdí yín. Ikùn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, a máa ń pè wọ́n lórúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rìn pọ̀. Ẹnu yín kàn ni ibi tí èéfín rẹ̀ ti yọ síta."

Ìyá Ìdùnnú gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná, Dókítà. Kíkorò ńkọ́?"

"Kíkorò wo?"

"Orín ewúro. Ṣebí kíkorò ló ń lé dídùn?"

Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìdùnnú rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

"Ahọ́n yín ló mọ̀ pé ewúro korò, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ kò ní ahọ́n."

Ìyá Ìdùnnú ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan, ọwọ́ tó ti di ìdì orín ewúro fún gbogbo Adó, tó sì fi ọ̀rọ̀ kan náà sin ìdì kọ̀ọ̀kan lọ sílé.

"Ṣé orín ò dáa ni?"

"Orín dáa. Ó ń fọ eyín. Ẹ má kàn fi ha ẹran ìdí eyín, ẹ má sì fi orín ata tọ́jú ọgbẹ́. Kí ẹ sì yéé fi ẹlẹ́rìndòdò tẹ̀lé e."

"Ta ló sọ fún yín pé mò ń mu ún?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi ni."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á. Dókítà ní kí ó padà wá ní òwúrọ̀ ọ̀la láìjẹ láìmu, kí wọ́n tún ṣúgà náà wò, nítorí òun kò fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo pe orúkọ àìsàn mọ́ ọn lára. Òun máa kọ̀wé sí dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà. Ní ti eyín, bí òun bá fọ ìdí rẹ̀ dáadáa, bí Ìyá Ìdùnnú fúnra rẹ̀ bá tọ́jú ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, tí ó ń rìn, tí ó bu ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀ kù, tí ikùn náà fà díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó dúró. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun máa yọ èyí, èyí tó tẹ̀lé e á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Dókítà, ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ ya mí ní àwòrán. Ẹ bá mi dá ẹ̀jẹ̀ yìí dúró di ìrọ̀lẹ́ péré."

Dókítà bá a fọ̀ ọ́. Ó dùn ún gan-an, ó sì ń fi ọwọ́ kan di ìlẹ̀kẹ̀ rósárì mú nínú àpò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní dígí, ẹnu náà mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dá, eyín náà dúró bí ẹni pé kò mì rí. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ nínú dígí. Ìyá Ìdùnnú ti padà sípò.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Dókítà, ẹni tó bá ti ní ṣúgà tẹ́lẹ̀, tó wá pa oògùn rẹ̀ tì, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe é?"

"Ó lè má mọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ lè máa ṣú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa kú, nǹkan á gún un, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ta ni?"

"Ẹnì kan ni," ni ó wí, ó sì jáde.

*

Orí ọ̀kadà ni ó ti rántí sálúbàtà. Wọ́n rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yẹn, òun gan-an ni ẹ̀rín rẹ̀ ròkè jù.

Kì í ṣe ẹni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ lọ títí, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ ná an. Kí wọ́n ya àwòrán náà ná. Bí wọ́n bá ti lọ tán, òun á pe Bàbá Adéjọbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun á sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kí ó padà sídìí oògùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú páálí, àwọn ará Abuja ló máa kà á, wọ́n sì ní dókítà púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi dé Fájuyì, ó ti rà á fún ara rẹ̀ ní iye tó wù ú.

Tómilọ́lá ti dé. Ayàwòrán rẹ̀ ti ta agboòrùn funfun kan sórí irin, àwọn èrò sì ti ń péjọ, wọ́n ń béèrè bóyá òṣèlú ló ń bọ̀. Wọ́n fi àtíkè pa Ìyá Ìdùnnú lójú. Wọ́n to ìdì orín yí i ká. Tómilọ́lá gbé ọ̀kan nínú páálí tí wọ́n ti tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Páálí náà rẹwà, àwọ̀ ewé ni. Lójú rẹ̀, lábẹ́ àyè tí wọ́n máa lẹ àwòrán mọ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: ORÍN ÌYÁ ÌDÙNNÚ. Lábẹ́ ìyẹn: Ó ń fọ eyín. Ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà.

"Màmá, ṣé ó wù yín?"

"Ó wù mí," ni ó wí. Òótọ́ ni, ó wù ú dé ọkàn.

"Bàbá tó máa jẹ́rìí ló kù. Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti ń bọ̀!"

Bàbá Adéjọbí ń bọ̀ lóòótọ́. Agbádá funfun náà ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó di orín ewúro mú lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ, ó ń kí àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún un. Agbádá ni gbogbo wọn ń wò. Ìyá Ìdùnnú nìkan ló wo ilẹ̀.

Sálúbàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì wà lásán, ibi gbogbo tó ti gbé e lé lórí kọnkéré, láti ẹ̀gbẹ́ títì wá, ló pọ́n fún ẹ̀jẹ̀.

"Bàbá," ni Ìyá Ìdùnnú wí, "sálúbàtà yín kan dà?"

Bàbá Adéjọbí wolẹ̀. "Há. Ó tún ti bọ́ sọ́nà."

"Ẹ jókòó."

"Ká ya àwòrán ná..."

"Bàbá, ẹ jókòó!"

Ó ti dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ti tì í jókòó síbẹ̀, ó sì ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, lórí ìró tuntun tó rà nítorí àwòrán. Àfọ́kù ìgò kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó wọlé gan-an. Ó fi èékánná fà á yọ. Ó ń wo ojú Bàbá bó ṣe ń fà á. Ojú náà kò yí padà rárá, ó ń wo ayàwòrán.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára?"

"Mọ kí ni?"

Ó gbé àfọ́kù ìgò náà sókè kí ó rí i. Bàbá Adéjọbí wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wò ó. Ojú arúgbó náà wá rí bíi ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ọjà, àánú rẹ̀ sì ṣe Ìyá Ìdùnnú. Gbogbo ohun tó ti ná pẹ̀lú ara rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó dà á nù síbẹ̀.

"Tómilọ́lá, yọ ìlà kejì yẹn."

"Ìlà wo, Màmá?"

"Ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà. Yọ ọ́. Kò lé nǹkan kan."

Tómilọ́lá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ìlà yẹn ló máa tà á. Orín tó ń fọ eyín wà káàkiri. Bàbá náà ló sì fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé..."

"Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu. Èmi náà, wọ́n bá ṣúgà lára mi láàárọ̀ yìí, ó pọ̀. Ọ̀nà Ìwòròkó ni mo lọ. Kúdírát, mi ò lọ rí Fada kankan. Ẹ wò ó."

Ó la ẹnu níwájú gbogbo wọn, ó là á tán bó ṣe máa ń ṣe nígbà kan, ó fi ahọ́n ti eyín iwájú náà. Eyín náà lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn. Kúdírát ké "Yéè!" ó fọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀.

Ọkùnrin kan láàárín èrò béèrè pé, "Ìyá, ṣé ká má ra orín mọ́ nìyẹn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ń fọ eyín. Kúdírát, dá a lóhùn, kó ra tirẹ̀." Ó ti ń fi omi inú ike fọ ẹsẹ̀ Bàbá, ó ń fa gèlè orí rẹ̀ yọ láti fi dì í.

"Màmá, mo ti tẹ páálí o," ni Tómilọ́lá wí. Ó jọ pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n. "Kí ni kí n ṣe sí wọn?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Bí o bá rí ẹnu mìíràn tó máa bá ọ sọ ọ́, lo ẹnu náà. Bí o bá padà wá sọ́dọ̀ mi, bí mo ṣe wí lo máa kọ. Takisí! Takisí, dúró!"

*

Takisí náà ti kọjá ibi tí títì ti bà jẹ́ lọ́nà Ìwòròkó. Bàbá Adéjọbí na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó, gèlè aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀, agbádá funfun náà rún sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìdùnnú jókòó sígun kejì, orí rẹ̀ wà lásán, irun funfun díẹ̀ sì ń fẹ́ níwájú orí rẹ̀. Obìnrin ẹgbẹ́ ìyá kan rí i láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó kígbe béèrè ibi tó ń lọ.

"Ọ̀dọ̀ dókítà eyín!" ni ó dáhùn. "Èmi ló ń tọ́jú! Òun ló máa kọ̀wé fún Bàbá sí dókítà ṣúgà!"

"Ìyá Ìdùnnú," ni Bàbá wí, "bó ṣe pẹ́ tó tí mo ti ń sọ fún wọn pé ara mi ti yá."

"Èmi náà ń sọ ọ́, Bàbá. Mò ń fi ti yín sọ ọ́."

"Èmi náà ń fi tìẹ sọ ọ́. Eyín rẹ ni mò ń wò."

Wọ́n wo ara wọn, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Lẹ́yìn náà, Ìyá Ìdùnnú gbé ẹsẹ̀ náà lé itan. Ó fi ìka kan tẹ àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ èyí lára?"

"Rárá."

Ó tẹ èyí tó tẹ̀lé e. "Èyí ńkọ́?"

"Rárá."

Ó tẹ ọmọńdinrín, ó tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, Bàbá ń mi orí. Ó dé òkè kókósẹ̀.

"Ibẹ̀," ni Bàbá Adéjọbí wí. "Mo mọ ibẹ̀."

Ìyá Ìdùnnú kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀ títí wọ́n fi dé.